Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Èkìtì Ṣe Lè Lo Adójútòfò Ìlera ní Òkè Òkun

Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì, láti Ọ̀tùn dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ẹ̀fọ̀n dé Òmùò, ló ti ní ọmọ tàbí àbúrò kan tó ń kàwé ní òkè òkun lónìí. Bí ìwé ìgbàwọlé bá ti dé, owó ilé-ìwé, físà àti owó bàálù ni ẹbí máa ń jókòó lé lórí. Adójútòfò ìlera, ìyẹn inṣọ́ránsì tó ń sanwó ìtọ́jú àìsàn, ni wọ́n sábà máa ń fi sí ìkẹyìn, wọn a sì san owó rẹ̀ láìka ìwé rẹ̀. Èyí ń dùn mí, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ lè mú gbèsè tí yóò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti sanwó adójútòfò, bí kò bá ti mọ ibi tó yẹ kó lọ àti ohun tó yẹ kó béèrè.

Adójútòfò kò rí bí èésú tí àwọn ìyá wa ń dá ní Ọjà Ọba ní Adó. Ẹni tó bá dá èésú yóò kó owó rẹ̀ nígbà tó bá kàn án, ṣùgbọ́n nínú adójútòfò, owó gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kó jọ láti fi tọ́jú ẹni tí àìsàn bá kọlù, ẹni tí kò bá sì ṣàìsàn kò ní gba kọ́bọ̀ padà. Nítorí náà, kí ẹ̀yin òbí má ṣe wo owó náà bí owó tó ṣòfò bí ọdún bá parí tí ọmọ yín kò dé ilé ìwòsàn. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wádìí ni ohun tí ètò náà kò ní san, nítorí ibẹ̀ ni ìnáwó ti máa ń bá ènìyàn lójijì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ètò tí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ń lò

Ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Manchester bá fún yín lè má wúlò rárá fún ẹni tó ń lọ sí Texas. Ètò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wádìí.

Ní UK, ìjọba ni ó ń ṣe àkóso ètò ìlera tí wọ́n ń pè ní NHS, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ wọn bá ju oṣù mẹ́fà lọ sì ń san owó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Immigration Health Surcharge, tàbí IHS, ní àkókò tí wọ́n bá ń kọ̀wé fún físà. Láti ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2024, iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san jẹ́ £776 fún ọdún kan. £470 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé gígùn físà ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe gígùn ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń lọ ṣe mástà ọlọ́dún kan sábà máa ń gba físà oṣù mẹ́rìndínlógún tàbí kí ó lé díẹ̀: ọdún kan jẹ́ £776, oṣù tó ṣẹ́kù tí kò tó mẹ́fà sì jẹ́ ìdajì rẹ̀, ìyẹn £388, àpapọ̀ wọn jẹ́ £1,164. Ẹni tó ń lọ ṣe PhD, tó sì ń mú ìyàwó àti ọmọ méjì dání, yóò san ti ẹni mẹ́rin, èyí tó jẹ́ £3,104 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣáájú kí físà tó jáde. Ó yẹ kí ẹbí mọ èyí kí wọ́n tó ta ilẹ̀ tàbí kí wọ́n tó yá owó.

Ọ̀pọ̀ ni àwọn aṣojú tó ń bá ni ṣe físà ń bá san owó yìí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà IHS yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé físà yín. Ohun tí púpọ̀ kò mọ̀ ni pé bí wọn kò bá fún yín ní físà, káàdì tàbí àkáǹtì tí wọ́n fi san owó IHS ni owó náà yóò padà sí. Bí káàdì aṣojú ni wọ́n fi san án, ọwọ́ rẹ̀ ni owó yín yóò wà. Nítorí náà, ó sàn kí káàdì yín tàbí ti òbí yín ṣe ìsanwó náà.

Ní Amẹ́ríkà, kò sí ètò ìjọba àpapọ̀ kan tó gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àlejò wọlé. Òfin àpapọ̀ kò sọ pé dandan ni kí ẹni tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ní adójútòfò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sọ ọ́ di dandan, wọ́n sì máa ń fi owó ètò tiwọn kún owó ilé-ìwé. Ẹni tó bá lo físà J-1, ìyẹn ti ètò pàṣípààrọ̀, ni òfin de ní tààrà: ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán $100,000 fún àìsàn tàbí ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan, $50,000 láti fi gbé aláìsàn padà sílé, àti $25,000 láti fi gbé òkú padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, owó tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ san kò sì gbọdọ̀ ju $500 lọ fún àìsàn kan. Kódà bí físà yín bá jẹ́ F-1, ẹ lè fi iye wọ̀nyí ṣe òṣùwọ̀n; ètò tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹ ra.

Ní Kánádà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ètò ìjọba Ontario kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ àlejò, yunifásítì ni yóò fi wọ́n sínú ètò UHIP. British Columbia ń gbà wọ́n, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là Kánádà 75 lóṣù, ṣùgbọ́n ẹ óò kọ́kọ́ dúró títí oṣù tí ẹ dé yóò fi parí àti oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ra ètò mìíràn tí yóò dí àlàfo náà. Alberta máa ń gba ẹni tí ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá tó oṣù méjìlá. Ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún máa ń wọ inú ètò gbogbogbòò, yunifásítì kò sì ní forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìrí ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gba ìyọ̀ǹda kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ti aládàáni kò wọ́n, ẹ ronú dáadáa, nítorí ìpinnu náà kò ṣeé yí padà títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ní Ọsirélíà, OSHC ni orúkọ adójútòfò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò, ó sì gbọ́dọ̀ bo gbogbo àkókò físà. Oyún àti àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ lè ní oṣù méjìlá láti dúró kí ètò náà tó máa sanwó wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ parí iṣẹ́ ilé ìwòsàn nílé

Ìtọ́jú eyín àti ojú ni ọ̀pọ̀ ètò adójútòfò ní òkè òkun máa ń yọ sílẹ̀, owó wọn níbẹ̀ sì ga. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín àti dókítà ojú yẹ̀ yín wò nílé, yálà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó tàbí ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí ẹ tún eyín tó ti jẹrà ṣe, kí ẹ sì ra awò ojú méjì bí ẹ bá ń lo awò. Ní tèmi, kò sí ibòmíràn tí owó díẹ̀ ti lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó ńlá tó báyìí nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé dókítà tó sọ ìtàn ìlera yín. Kí ó ní irú ẹ̀jẹ̀ àti jínótáìpù yín nínú, àìsàn tí ẹ ń tọ́jú, oògùn tí ara yín kì í gbà, àti oògùn tí ẹ ń lò. Kí dókítà kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kọ sí ara páálí nìkan, nítorí pé orúkọ páálí tí a mọ̀ ní kẹ́míìsì ní Adó lè máà sí níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ kó oògùn náà sínú páálí tí ó bá wá, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹrù ọwọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ìfé (asthma) tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi àìsàn náà pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù adójútòfò. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó bí wọ́n bá rí i pé ẹni náà mọ̀ ṣùgbọ́n kò sọ.

Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ MMR (tó ń dènà measles, mumps àti rubella), àwọn kan sì ń béèrè ti àrùn yírùnyírùn pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbà wọ́n nílé, ẹ kò ní sanwó wọn níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí UK fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) ní ilé ìwòsàn tí ìjọba UK fọwọ́ sí, èyí tó wà ní Èkó àti Àbújá. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ máa ń lò, nítorí náà, kí ẹ má ṣe é ní kùtùkùtù jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ìwé adójútòfò náà láti ẹ̀yìn

Ojú ewé àkọ́kọ́ máa ń sọ ohun rere tí ètò náà ń ṣe. Ẹ ṣí i dé ibi tí wọ́n kọ "exclusions" sí, ìyẹn àwọn ohun tí wọn kò ní san, kí ẹ ka ibẹ̀ tán kí ẹ tó padà síwájú. Ẹ wá ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: Ṣé wọn yóò sanwó àìsàn tó ti wà lára mi tẹ́lẹ̀, àti pé láti ìgbà wo? Ṣé oyún àti ìbímọ wà nínú rẹ̀? Ìlera ọpọlọ ńkọ́? Bí mo bá ṣèṣe nídìí bọ́ọ̀lù, ṣé wọn yóò san án? Bí mo bá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, tàbí tí mo bá wá sílé ní Èkìtì fún ìsinmi, ṣé ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ní Amẹ́ríkà, ètò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sábà máa ń gbòòrò ju àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ owó wọn lè fa ojú òbí mọ́ra, pàápàá nígbà tí a bá sọ ọ́ di náírà. Ṣùgbọ́n ètò olówó pọ́ọ́kú náà lè yọ àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè fi òté lé iye tí yóò san fún àìsàn kan. Bí ẹ bá ní ètò mìíràn tó dára tó ti ilé-ìwé, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní "waiver", kí wọ́n yọ owó tiwọn kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́yìn tí sáà ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, owó ilé-ìwé náà di dandan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ jáde nílé wa, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí a rí i: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kú sí ìlẹ̀ òkèèrè, ta ni yóò sanwó láti gbé e wálé? NHS kò ní san án. Ètò J-1 gbọ́dọ̀ ní in, àwọn ètò yòókù lè ní in tàbí kí wọn má ní in. Ìgbà púpọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní òkè òkun ti ní láti dá owó jọ fún irú nǹkan báyìí, nígbà tí ìdílé ń sunkún tí wọ́n sì tún ń wá owó kiri. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "repatriation" nínú ìwé yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè rí adójútòfò kékeré tó dá lórí rẹ̀ rà lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ oríṣi owó tó wà nínú rẹ̀

Ẹni tó bá ti lo ètò adójútòfò ìlera ìjọba ní Nàìjíríà, tí òfin tuntun ọdún 2022 sọ di dandan fún gbogbo ènìyàn, ti mọ̀ pé aláìsàn ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn rẹ̀, àti pé ilé ìwòsàn ní láti gba kóòdù lọ́wọ́ HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò náà, kí wọ́n tó ṣe ìtọ́jú ńlá. Ìlànà kan náà ló wà ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ó ní ẹ̀ka púpọ̀ sí i.

Premium ni owó tí ẹ ń san láti wà nínú ètò, yálà ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ kò ṣàìsàn. Deductible ni owó tí ẹ óò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san lọ́dún kan kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀. Copay ni owó pàtó tí ẹ ń san nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí dókítà. Coinsurance ni ìdá tó kàn yín nínú owó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn deductible. Out-of-pocket maximum sì ni òpin gbogbo ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín san lọ́dún náà. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni yóò máa san gbogbo ìyókù ìtọ́jú tó bá wà lábẹ́ ètò náà. Owó premium kò sí nínú ìṣírò òpin yìí.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìjerò fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré lórí orúnkún rẹ̀, èyí tí kì í ṣe pàjáwìrì. Ètò rẹ̀ ní deductible $500, coinsurance ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, àti òpin $3,000. Ó lọ sí ilé ìwòsàn tó ní àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, níbi tí owó àdéhùn jẹ́ $6,000. Yóò san $500 àkọ́kọ́, yóò ku $5,500. Ìdá ogún rẹ̀ jẹ́ $1,100. Àpapọ̀ ohun tó kàn án jẹ́ $1,600, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò sì san $4,400.

Ẹ wá wò ó bí ẹni kan náà bá lọ sí ilé ìwòsàn tí kò ní àdéhùn pẹ̀lú wọn, nítorí pé ó sún mọ́ ilé rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà béèrè $10,000, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní $6,000 ni àwọn mọ̀, ìdá tó sì kàn án ní irú ibẹ̀ jẹ́ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò san $500, yóò san $2,200, ilé ìwòsàn sì tún lè béèrè $4,000 tí ẹnikẹ́ni kò san. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $6,700 fún iṣẹ́ abẹ kan náà. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ "network", ìyẹn àkójọ àwọn dókítà àti ilé ìwòsàn tó ní àdéhùn. Kí ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín, kí ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn náà àti dókítà náà gan-an wà nínú network, nítorí ilé ìwòsàn lè wà nínú rẹ̀ kí dókítà má sì sí. Ẹ tún béèrè bóyá ìtọ́jú náà nílò "prior authorization", ìyẹn àṣẹ tí a gbọ́dọ̀ gbà ṣáájú. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, òfin kan tí wọ́n ń pè ní No Surprises Act kò gbà kí ilé ìwòsàn tí kò ní àdéhùn gbé irú owó àfikún bẹ́ẹ̀ lé aláìsàn pàjáwìrì tó ní adójútòfò lórí, àmọ́ òfin náà kò kan ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lórí ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le

Ní UK, ẹ wá ọ́fíìsì GP tó sún mọ́ ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. GP ni dókítà tí yóò kọ́kọ́ rí yín, òun ni yóò sì kọ̀wé rán yín sí dókítà àgbà bí ó bá yẹ. Òfin kò sọ pé dandan ni kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí àdírẹ́sì tàbí físà wá kí wọ́n tó forúkọ yín sílẹ̀; bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ pé ẹ kò lè forúkọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó wo ìlànà NHS lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ẹ kò ní san owó oògùn tí dókítà bá kọ. Ní England, owó oògùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ £9.90 láti oṣù karùn-ún ọdún 2024. Àìsàn àtọ̀gbẹ tí a ń fi oògùn tọ́jú wà lára àwọn tí kì í san án, ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde kò sí níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tó bá ń gba oògùn púpọ̀ lè ra ìwé PPC tí yóò bo gbogbo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá sì pọ̀ lè kọ fọ́ọ̀mù HC1 láti béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ gba káàdì adójútòfò yín, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí òbí yín nílé. Ẹ mọ ibi tí ilé ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ọgbà. Ohun kan tí ẹ̀yin òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọmọ tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún ti dàgbà lójú òfin. Ilé ìwòsàn lè má sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ fún yín lórí fóònù bí kò bá ti fọwọ́ sí i. Kí ọmọ náà kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè sínú fọ́ọ̀mù, kó sì jẹ́ ẹni tó wà nítòsí pẹ̀lú ẹni tó wà ní Èkìtì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tí ara kò bá yá

Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ilé ìtọ́jú inú ọgbà tàbí GP ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, bí ilé ìtọ́jú ọgbà bá ti tì, ẹ lọ sí "urgent care", níbi tí owó ti kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀ka pàjáwìrì. Ní England, Scotland àti Wales, ẹ pe 111 fún ìmọ̀ràn. Ní Jámánì, 116117. Bí àyà bá ń dun ni gidigidi, bí èémí bá ń gé, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tàbí bí ẹnìkan bá dákú, ẹ má ṣírò owó rárá: ẹ pe 999 ní UK, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 112 ní Jámánì, 000 ní Ọsirélíà. Ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò kí wọ́n sì mú ara rẹ̀ rọlẹ̀, yálà ó ní owó tàbí kò ní. Òfin ọdún 1986 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibà ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Bí ibà bá mú yín lẹ́yìn tí ẹ dé láti Nàìjíríà, kódà bí ó bá ti pé ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ sọ fún dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ibi tí ibà ẹ̀fọn wà ni ẹ ti wá, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà tí kì í rí irú rẹ̀ lè kà á sí òtútù lásán, ibà ẹ̀fọn sì ń pa ènìyàn kíákíá. Ẹni tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún pàápàá kò ní agbára tí ara rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà bí ó bá ń bọ̀ wálé fún Kérésì, kó béèrè oògùn ìdènà. Ẹ má ṣe rò pé ẹ óò rí oògùn ibà tàbí oògùn apakòkòrò rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà bí a ṣe ń rà á níbí. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́ láìtijú, nítorí àgbo àti oògùn òyìnbó lè bá ara wọn jà nínú ara.

Ìlera ọpọlọ náà jẹ́ ìlera. Òtútù, òkùnkùn ọ̀sán ìgbà ọ̀gìnnìtìn, iṣẹ́ alẹ́ àti ìdánìkanwà lè wó ọkàn ọmọ tó gbọ́n tó sì ní ìgboyà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní olùgbani-nímọ̀ràn tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó fún, ohun tí ẹ bá sì bá wọn sọ kì í dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tàbí òbí, àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀ lè pe 988 nígbàkígbà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ pé òun ń rí dókítà ọpọlọ, ẹ má ṣe sọ pé wọ́n ti ń ṣe é láti ilé. Ẹ bi í bí ó ṣe ń sùn àti bí ó ṣe ń jẹun.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ìwé owó bá dé

Lẹ́yìn ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò fi ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Explanation of Benefits ránṣẹ́. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ìbéèrè owó, ẹ má ṣe san nǹkan kan lé e lórí. Ó ń sọ ohun tí ilé ìwòsàn béèrè, ohun tí adójútòfò san, àti ohun tó kù tó kàn yín. Ẹ dúró de ìwé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kí ẹ fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Bí iye wọn kò bá bára mu, tàbí bí owó náà bá ga jù, ẹ béèrè ìwé tó to ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe lẹ́sẹẹsẹ, nítorí wọ́n lè ti kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Bí adójútòfò bá kọ̀ láti san, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà yóò sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹ bẹ dókítà yín kó kọ ìdí tí ìtọ́jú náà fi pọn dandan, ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ àti ọjọ́ gbogbo ìpè tí ẹ bá ṣe, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó kọjá. Bí owó náà bá jẹ́ tiyín lóòótọ́ tí agbára yín kò sì gbé e, ẹ má ṣe fi ìwé náà pamọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ilé ìwòsàn tí kì í ṣe fún èrè ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ owó. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù rẹ̀, tàbí kí ẹ bá wọn ṣe àdéhùn láti máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kí ọjọ́ ètò náà tó pé

Ẹ kọ ọjọ́ tí adójútòfò yín yóò parí sínú fóònù, kí ẹ sì fi ìránnilétí sí i ní oṣù méjì ṣáájú. Ètò ilé-ìwé lè parí ní kété tí ẹ bá jáde, nígbà tí físà ṣì ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì ń wá iṣẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà láìní ìbòrí kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gba OPT, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ní Amẹ́ríkà kó béèrè ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò bóyá òun ṣì lè dúró nínú ètò ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀, kó tó ra òmíràn. Ní UK, ẹni tó bá ń tún físà gbà yóò tún san IHS fún ọdún tuntun, ẹni tó bá sì bọ́ sí físà Graduate, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ tán láti dúró ṣiṣẹ́, yóò san £1,035 lọ́dún dípò £776, nítorí náà kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó náà pamọ́ láti ìgbà tí ó bá ti wọ sáà tó kẹ́yìn.